Táàgì Létí Màlúù: Kí Ló Ń Jẹ́ Kí RFID Ríran Jìnnà?

Ẹ ronú ọjà màlúù Akínyẹlé. Bí ẹni méjì bá ń du màlúù kan, kí ni ẹ̀rí? Àmì irin gbígbóná lára rẹ̀, àbí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìdí nìyẹn tí táàgì RFID fi ń wọ etí màlúù káàkiri ayé. Ní Botswana, inú ikùn màlúù gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi tiwọn sí, kí wọ́n lè máa ta ẹran fún Yúróòpù.

Ti inú ikùn yẹn, àfi kéèyàn sún mọ́ ọn kó tó lè kà á, bíi káàdì Cowry tí ẹ ń fi kan ẹ̀rọ BRT l'Ékòó. Ta ló fẹ́ sún mọ́ màlúù oníwo nígbà ọgọ́rùn-ún láàárọ̀ ọjọ́ kan? Èyí tó ń ríran jìnnà, tí wọ́n ń pè ní UHF, la fẹ́ tú palẹ̀ lónìí.

Táàgì ọ̀hún, ike pẹlẹbẹ ni, kò ní bátìrì. Ṣíìpù tí kò tó hóró ìrẹsì àti éríà tín-ín-rín ló wà nínú rẹ̀. Nọ́ńbà lásán ló mọ̀. Orúkọ olówó màlúù àti abẹ́rẹ́ tó ti gbà, inú kọ̀ǹpútà nìyẹn wà.

Rídà ni ẹ̀rọ tó ń ka táàgì. Òun ló ń gbé agbára jáde, nǹkan bíi wáàtì 1. Wáyà á gbé e dé éríà ẹnu ọ̀nà, éríà á tú u sáfẹ́fẹ́, agbára yẹn ló sì ń jí ṣíìpù. Táàgì á wá ta ìgbì náà padà, bíi dígí tó ń ta oòrùn síni lójú.

Wàhálà ibẹ̀ rèé: bí ẹ bá sún sẹ́yìn ní ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin agbára ló máa kù. Ìdí nìyẹn tí mítà 5 sí 10 fi wọ́pọ̀. Àwọn táàgì kan ní bátìrì, wọ́n lè dé mítà 100, ṣùgbọ́n wọ́n gbówó lórí, bátìrì sì ń kú.

Wáyà náà tún ń jẹ nínú agbára. Nǹkan bíi mítà 6 wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ lè jẹ ìdajì. Èmi o, wáyà ni mo máa kọ́kọ́ béèrè kí n tó béèrè rídà.

Màlúù sì ń mi etí. Éríà tí ìgbì rẹ̀ ń yí po ló yẹ ẹ́, kì í ṣe èyí tó dojú kọ ọ̀nà kan ṣoṣo. Omi inú ara ẹran náà ń gbé ìgbì UHF mì: bí màlúù mìíràn bá dúró sáàárín, táàgì lè má jí. Wọ́n á wá gbé éríà sọ́tùn-ún àti sósì ẹnu ọ̀nà tóóró. Ẹ fi sólà kún un, ẹ ṣáà mọ bí iná ṣe rí.

Tí ẹnì kan bá wá sí abúlé yín ní Lágelú tàbí Ẹ̀gbẹ́dá, tó ní táàgì yìí á máa fi màlúù tí wọ́n jí hàn lórí fóònù, ẹ bi í: ṣé ó ní bátìrì? Ṣé ó ní síìmù? GPS nìyẹn, ọ̀tọ̀ lowó ẹ̀. Táàgì UHF tí kò ní bátìrì ò mọ ibi tó wà. Ohun tó lè sọ ò ju pé màlúù báyìí gba ẹnu ọ̀nà yìí kọjá láago báyìí. Ìyẹn náà kì í ṣe kékeré: bí ọjà Akínyẹlé àti ilé ìpẹran Amósùn bá ní rídà lẹ́nu ọ̀nà, màlúù tí wọ́n jí lálẹ́ àná á jẹ́ nọ́ńbà rẹ̀ kí ọ̀bẹ tó dé ọrùn, bí olówó rẹ̀ bá ti fi tó wọn létí, tí olè ò sì tíì gé táàgì náà sọnù.