Alábòójútó Kọ̀ǹpútà

Lóde òní, inú kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn ń kọ orúkọ àwọn aláìsàn àti oògùn wọn sí. Ẹni tí ó ń tọ́jú irú àwọn kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní alábòójútó kọ̀ǹpútà.

Òun ni ó ń fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ àṣírí tí yóò fi máa ṣí kọ̀ǹpútà. Ó tún ń ṣe ẹ̀dà gbogbo àkọsílẹ̀, ó sì ń fi í pamọ́ sí ibòmíràn. Bí kọ̀ǹpútà bá bàjẹ́ lóru, tí kò sì sí ẹ̀dà, dókítà lè ṣèèṣì fún aláìsàn ní oògùn tí kò bá a lára mu. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ mọ ìṣirò àti èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ gírámà, ó lè kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, tàbí ní Yaba College of Technology ní ìlú Èkó. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ olóòótọ́ pẹ̀lú, nítorí àṣírí ọ̀pọ̀ ènìyàn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí iṣẹ́ bá ń lọ déédéé, a kì í rántí alábòójútó. Ìdí nìyí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ ìdúpẹ́ fún wọn ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2000. Ọjọ́ Ẹtì tí ó kẹ́yìn nínú oṣù Keje ni.