Awò Ìbọn Kékeré fún Ìbọn Afẹ́fẹ́ Ọdẹ

Awò ìbọn, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí sikóòpù, ni ọ̀pá oníhò tí a fi dígí sí níwájú àti lẹ́yìn, tí a sì dè mọ́ orí ìbọn kí ọdẹ lè rí ohun tó wà lókèèrè bí ẹni pé ó súnmọ́ ọn, kí ó sì mọ ibi tí ọta yóò bà. Oríṣi kékeré rẹ̀, tí kì í sábà gùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, ni ó bá ìbọn afẹ́fẹ́ mu jù lọ.

Agbára ìbọn afẹ́fẹ́ kéré sí ti ìbọn ẹ̀tù. Ẹran kékeré bí ọ̀kẹ́rẹ́, àdàbà tàbí àparò ni ó wà fún, kì í sì í pa wọ́n lójú ẹsẹ̀ àfi bí ọta bá bà wọ́n ní orí tàbí ní àyà gan-an. Bí ọta bá yẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta péré, ẹran yóò gbé ọgbẹ́ lọ kú sínú igbó. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí a ń béèrè lọ́wọ́ awò ni pé kí ó dúró síbi tí a tò ó sí. Bí ó ṣe ń sọ ohun kékeré di ńlá tó kò ju ohun kejì lọ.

Ìtàn ní ṣókí

Ìbọn afẹ́fẹ́ kì í ṣe ohun tuntun. Ọ̀kan tí a ṣe ní nǹkan bí ọdún 1580 ṣì wà ní ilé àkójọ ohun ìjà ọba ní ìlú Stockholm, ní orílẹ̀-èdè Sweden. Ní nǹkan bí 1780, àwọn ọmọ ogun Austria bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìbọn afẹ́fẹ́ tí Girardoni ṣe, àwọn arìnrìn-àjò méjì tí a ń pè ní Lewis àti Clark náà sì mú ìbọn afẹ́fẹ́ kan dání nígbà tí wọ́n la ilẹ̀ Amẹ́ríkà já láàárín 1803 àti 1806.

Àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni awò ìbọn tó ṣe é lò dáadáa tó jáde ní Amẹ́ríkà. Ìbọn ẹ̀tù ni wọ́n ṣe é fún, èyí sì ni orísun ìṣòro tí ẹni tó fẹ́ ra awò fún ìbọn afẹ́fẹ́ máa ń bá pàdé títí di òní.

Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìbọn tí ọ̀pọ̀ ọdẹ dàgbà sí ni ṣakabùlà, tí a ń ki ẹ̀tù àti ọta sí láti ẹnu. Ọta wẹ́wẹ́ rẹ̀ máa ń fọ́n ká, ọdẹ sì ń súnmọ́ ẹran dáadáa kí ó tó yìn ín, nítorí náà kò sí ohun tí awò fẹ́ fi ṣe lórí rẹ̀. Ọta kan ṣoṣo, tí ìwọ̀n ìbú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 4.5 tàbí 5.5 mílímítà, ni ìbọn afẹ́fẹ́ ń yìn. Ẹni tó ń lò ó ní láti mọ ojú ibi tí ọta náà yóò bà.

Ìdí tí ìbọn afẹ́fẹ́ fi ń ba awò jẹ́

Oríṣi ìbọn afẹ́fẹ́ méjì ni ó wọ́pọ̀ jù. Nínú èkíní, sípíríìngì líle kan wà tí ọdẹ ń ṣẹ́ ọ̀pá ìbọn láti fún pọ̀. Bí ó bá ti fa ìbọn, sípíríìngì yóò ti písítìnnì síwájú, ìbọn yóò sì tà sẹ́yìn. Kí a tó ṣẹ́jú, písítìnnì ti dé òpin ọ̀nà rẹ̀, ó ti kọlu afẹ́fẹ́ tó ti há, ìbọn sì tún ta síwájú. Ìtapadà ẹlẹ́ẹ̀méjì yìí kò sí lára ìbọn ẹ̀tù, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn nìkan ni ó ń tà sí.

Ẹ̀yìn nìkan ni ẹni tó ṣe awò fún ìbọn ẹ̀tù sì ń dáàbò bo dígí rẹ̀ sí. Bí a bá gbé irú awò bẹ́ẹ̀ sórí ìbọn onísípíríìngì, ìtapadà ti iwájú yóò máa gbọ́n dígí náà láti ibi tí a kò fi ohunkóhun tì í. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, dígí yóò mì, àmì inú rẹ̀ yóò yí tàbí kí ó já, ọta kò sì ní í bà síbi kan náà mọ́. Awò olówó ńlá tí ó ti sin ìbọn ẹ̀tù alágbára fún ọ̀pọ̀ ọdún lè bàjẹ́ báyìí láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Oríṣi kejì ni èyí tí a ti rọ afẹ́fẹ́ sínú àgbá rẹ̀ ṣáájú, tí agbára afẹ́fẹ́ náà sábà máa ń tó 200 bar tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtapadà rẹ̀ kò tó nǹkan, awò tó dára èyíkéyìí sì lè dúró lórí rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ mọ irú ìbọn kí a tó mọ irú awò.

Ohun tí a ń wò nígbà tí a bá ń yan awò

*Ìfaradà.* Fún ìbọn onísípíríìngì, kí ilé-iṣẹ́ tó ṣe awò kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé ó wà fún irú ìbọn bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ pé awò lè gba ìtapadà ìbọn ńlá kò tó.

*Ìyẹ̀ àmì.* Bí ọlọ́jà àti oníbàárà bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ òṣùwọ̀n, ọ̀tún àti òsì, ibi tí ọwọ́ òṣùwọ̀n tọ́ka sí lójú èkíní kì í ṣe ibi tó tọ́ka sí lójú èkejì. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú awò: bí ojú ọdẹ kò bá sí ní àárín gan-an, àmì àgbélébùú inú rẹ̀ yóò dà bí ẹni pé ó yẹ̀ lórí ara ẹran. Ọ̀nà kan pàtó wà fún awò kọ̀ọ̀kan tí ìyẹ̀ yìí kò ti sí níbẹ̀. Awò ìbọn ẹ̀tù sábà máa ń fi í sí nǹkan bí 90 mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ìbọn afẹ́fẹ́ ń pa ẹran láàárín 15 sí 40 mítà. Èyí tó bá ìbọn afẹ́fẹ́ mu ni èyí tí a fi sí nǹkan bí 30 mítà, tàbí èyí tí ọdẹ lè fúnra rẹ̀ yí wálẹ̀ títí dé nǹkan bí 10 mítà.

*Ìsọdiǹlá àti ìmọ́lẹ̀.* Bí a bá kọ 4x32 sára awò, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó ń sọ ohun di ńlá ní ìlọ́po mẹ́rin, àti pé ìbú dígí iwájú rẹ̀ jẹ́ 32 mílímítà. Bí a bá pín 32 sí mẹ́rin, a rí 8: ìbú ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ojú nìyẹn ní mílímítà. Awò 3-9x32 tí a bá yí dé mẹ́sàn-án kò ní í fún ojú ju nǹkan bí 3.5 mílímítà lọ. Nínú òkùnkùn, ẹyinjú ọ̀dọ́ lè ṣí tó nǹkan bí 7 mílímítà, nítorí náà awò tí ìsọdiǹlá rẹ̀ kéré ni ó ń ríran jù ní ìdájí àti ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹran ń jáde. Ìlọ́po mẹ́rin tó fún ọ̀nà tí ìbọn afẹ́fẹ́ ń rìn, 2-7x32 náà sì dára fún ẹni tó fẹ́ èyí tó ń yí padà. Dígí 50 mílímítà máa ń wúwo, ó sì máa ń gbé awò ga kúrò lórí ọ̀pá ìbọn.

*Gígùn àti ìwúwo.* Awò tó gùn máa ń dí ọwọ́ ọdẹ lọ́wọ́ nígbà tó bá ń ṣẹ́ ìbọn tàbí tó ń fi ọta sí i. Bí ó bá ṣe wúwo tó ni ìtapadà ń fà á kúrò ní ipò rẹ̀ tó.

*Àmì inú awò.* Ọta ìbọn afẹ́fẹ́ kì í yára púpọ̀, ó sì tètè ń wálẹ̀. Ọta tó jáde ní 180 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan yóò ti rẹ̀lẹ̀ ní nǹkan bí 10 sẹ̀ǹtímítà sí ojú ìlà ọ̀pá ìbọn nígbà tó bá fi dé 25 mítà. Nígbà tó bá fi dé 50 mítà, ìrẹ̀lẹ̀ rẹ̀ yóò ti ju 40 sẹ̀ǹtímítà lọ. Àmì tó ní àwọn tótó kéékèèké lábẹ́ àgbélébùú ń jẹ́ kí ọdẹ mọ iye tí yóò fi gbé ìbọn sókè fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan.

*Òrùka ìdè.* Ọ̀pọ̀ awò tí a ń dá lẹ́bi kò ní ẹ̀ṣẹ̀. Òrùka tó dè é ni ó ń yọ̀. Fún ìbọn onísípíríìngì, ìdè alápapọ̀ tó ní irin kékeré kan tó wọ inú ihò orí ìbọn ni ó dára, kí ó má bàa yọ̀ sẹ́yìn. Kí ó sì bá ojú irin orí ìbọn mu, tí ìbú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí 11 mílímítà.

*Omi àti ooru.* Náítírójìn ni wọ́n ń rọ sínú awò tó dára kí ìkùukùu má bàa bo dígí láti inú. Èyí ṣe pàtàkì ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, níbi tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ti pọ̀. Nígbà ọyẹ́, kí a fẹ́ eruku kúrò kí a tó nu dígí, nítorí iyanrìn a máa ha á.

Bí a ṣe ń dán awò wò

Iye owó kò fi dandan sọ bóyá awò ṣe é gbára lé. Ìdánwò ni ó ń sọ ọ́. Ní ibi tí òfin gbà, tí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ sì wà lẹ́yìn pátákó, a ó yin ọta márùn-ún sí ojú kan ní 25 mítà. Lẹ́yìn náà a ó yí ìdí àmì ní ìgbà 40 sókè, a ó yìn. 40 sí ọ̀tún, a ó yìn. 40 sísàlẹ̀, a ó yìn. 40 sí òsì, a ó sì yìn lẹ́ẹ̀kan sí i. Lára ọ̀pọ̀ awò, ìyí kan ń sún ọta ní nǹkan bí 7 mílímítà ní 100 mítà, èyí tí kò tó 2 mílímítà ní 25 mítà. Ìyí 40 yóò sì jẹ́ nǹkan bí 7 sẹ̀ǹtímítà. Ihò ọta gbọ́dọ̀ ya igun mẹ́rin, kí ti ìkẹyìn sì padà sórí ti àkọ́kọ́. Awò tí kò bá padà síbẹ̀ kò ṣe é gbára lé.

Bí ọta bá ń rìn káàkiri, kí a fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan pẹ̀lú ọ̀dà láti ara òrùka dé ara awò kí a tó dá awò lẹ́bi. Bí ìlà náà bá já sí méjì lẹ́yìn ìyìn mélòó kan, ìdè ni ó yọ̀. Bí ó bá pé, kí a pààrọ̀ irú ọta. Ẹ̀yìn èyí ni a tó lè fura sí awò fúnra rẹ̀. Kí a má sì yí ìdí àmì dé òpin, nítorí níbẹ̀ ni sípíríìngì kékeré tó di inú awò mú ti ń dẹ̀. Ìdè tó gbé ẹ̀yìn awò sókè díẹ̀ ni àtúnṣe rẹ̀.

Mamobi àti agbègbè rẹ̀

Mamobi jẹ́ àdúgbò kan ní Accra, olú-ìlú Gánà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nima. Ó wà lára àwọn àdúgbò tí wọ́n ń pè ní zongo, níbi tí Hausa ti jẹ́ èdè àjùmọ̀sọ láàárín àwọn ènìyàn tí orírun wọn wà káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn Yorùbá pẹ̀lú. Ilé fara kan ilé níbẹ̀, kò sì sí àyè tí a lè fi dán awò wò. Awò ń fa ibi tí a ń wò súnmọ́, ṣùgbọ́n kì í fi ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ hàn, bẹ́ẹ̀ sì ni ọta tó tàsé lè fò kọjá 100 mítà dáadáa.

Ẹran ìgbẹ́ kò jìnnà sí àdúgbò náà. Àìmọye àdán ń sùn lórí àwọn igi tó yí ilé ìwòsàn ológun tí a ń pè ní 37 ká, a sì ń pa irú wọn jẹ ní Gánà pẹ̀lú ìbọn, kànnàkànnà àti àwọ̀n. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2011 ṣírò pé, ó kéré tán, 128,000 irú àdán bẹ́ẹ̀ ni a ń tà lọ́dọọdún. Irú àdán yìí kan náà ni a ti kọ́kọ́ rí kòkòrò àrùn tó bá dìgbòlugi tan, ní Erékùṣù Èkó ní 1956, tí a fi ń pe kòkòrò náà ní orúkọ Èkó. Àdán tí ọta ṣá lọ́gbẹ́ tí kò kú a máa géni jẹ nígbà tí a bá fẹ́ gbé e. Ewu awò tó yẹ̀ kò mọ sórí ẹran nìkan.

Òfin

Ní Gánà, a kì í ṣọdẹ láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ títí di ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá, kí ẹran lè bímọ. Ọ̀yà nìkan ni a yọ sílẹ̀. A kò sì gbọdọ̀ ṣọdẹ nínú igbó tí ìjọba dá sí. Ní Nàìjíríà, Òfin Ìbọn ti 1959 ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ àwọn ìbọn tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní láìgba ìwé àṣẹ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìbọn afẹ́fẹ́ gígùn tí agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí 16.3 júùlù lọ kò nílò ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n Scotland ti sọ ọ́ di dandan láti òpin ọdún 2016. Awò fúnra rẹ̀ kì í sọ ìbọn tí kò ní àṣẹ di ohun tó tọ́. Ìwé ìbọn ni kí a kọ́kọ́ ní kí a tó wá awò tí a ó gbé sórí rẹ̀.