Ìrèmọ̀jé: Ewu Iṣẹ́ Ọdẹ àti Ikú Nínú Ewì Alohùn Yorùbá

Ìrèmọ̀jé ni ewì alohùn tí àwọn ọdẹ máa ń sun níbi ìṣípà, ètùtù tí ẹgbẹ́ ọdẹ fi ń dágbére fún ọmọ ẹgbẹ́ tó kú. Bádé Ajúwọ̀n ṣe ìwádìí tó jinlẹ̀ lórí rẹ̀. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1982. Ìjálá lè wáyé níbi ìgbéyàwó tàbí ìkómọjáde, ṣùgbọ́n ikú ọdẹ ló ń pe ìrèmọ̀jé.

Iṣẹ́ ọdẹ kún fún ewu: òru, igbó kìjikìji, ẹranko tó fara gbọta, ìbọn tó lè bẹ́ mọ́ni lọ́wọ́. Ẹni tó ń sun ìrèmọ̀jé mọ̀ pé àwọn tó ń gbè é ni yóò sun tirẹ̀ lọ́jọ́ kan. Nítorí náà, kì í ṣe ẹkún nìkan. Àdéhùn láàrin àwọn alààyè ni. Ó yẹ kí olùkọ́ là á yé akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n má baà rò pé ìjálá tí a fi ohùn arò sun lásán ni.