Ìmọ̀ Kọ̀ǹpútà Wo Ló Ń Tà Nígbà Tí Ọjà Bá Kú?

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, Phil Murphy, tó jẹ́ gómìnà ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà nígbà náà, bọ́ síwájú àwọn akọ̀ròyìn, ó ń wá àwọn tó gbọ́ COBOL tó lè yọ̀ǹda ara wọn fún ìjọba. Èdè tí wọ́n fi ń kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà ni COBOL, ọdún 1959 ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó mọ̀ ọ́n ló ti fẹ̀yìn tì. Àmọ́ àrùn kòrónà ti lé èèyàn rẹpẹtẹ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ní ìparí oṣù Kẹta, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà èèyàn tó béèrè owó ìrànwọ́ aláìníṣẹ́ jákèjádò Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọ́n fi COBOL ṣe, tí New Jersey fi ń ṣètò owó náà, wá ń mí gúlegúle.

N kò ní kí gbogbo ọ̀dọ́ lọ kọ́ COBOL o. Ìdí tí wọ́n fi ń wá àwọn tó mọ̀ ọ́n ni kí á wò. Nígbà tí owó bá wọ́n, iléeṣẹ́ a máa pa iṣẹ́ tuntun tì, wọn a ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n owó oṣù gbọ́dọ̀ jáde, àkọsílẹ̀ oníbàárà kò gbọdọ̀ sọnù, olè kò sì gbọdọ̀ ráyè wọlé. Ẹni tó ń tọ́jú ohun tí iléeṣẹ́ kò lè dá dúró ló máa ń pẹ́ níbi iṣẹ́, òun náà ni kì í pẹ́ rí òmíràn bí wọ́n bá tilẹ̀ ní kó máa lọ.

Ọ̀wọ́n tó tẹ̀ lé ti kòrónà ní orísun tirẹ̀. Láti oṣù Kẹta ọdún 2022, Federal Reserve, báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ń gbé èlé sókè, láti ibi tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òfo títí ó fi kọjá ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún 2023. Nígbà tí èlé kéré, àwọn olówó ń náwó sórí iléeṣẹ́ tí kò jèrè rí. Bí èlé ṣe ga, wọ́n fa ọwọ́ sẹ́yìn. Meta dá èèyàn bíi 11,000 dúró ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022. Ní oṣù Kìíní tó tẹ̀ lé e, Google kéde 12,000, Microsoft 10,000. Owó àwọn olówó òkèèrè yìí náà ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Nàìjíríà gbára lé.

Àwọn tí ìmọ̀ wọn kò tíì jinlẹ̀ ló sì ń kọ́kọ́ fara gbá. Andela, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 2014, tó ń kọ́ ọ̀dọ́ níṣẹ́ fún àwọn iléeṣẹ́ òkèèrè nígbà náà, dá ọmọṣẹ́ tó lé ní 200 dúró ní Nàìjíríà àti Uganda ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019. Wọ́n ní àwọn oníbàárà ń fẹ́ ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ó dùn mí, torí ọpọlọ àwọn ọmọ náà pé.

Ẹ tún wo Flash, tí wọ́n fi ń ṣe eré àti àwòrán tó ń rìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Apple kò gbà á láyè lórí iPhone, Adobe sì fi í sílẹ̀ pátápátá ní ìparí ọdún 2020. Ẹni tó mọ bọ́tìnnì rẹ̀ nìkan pàdánù. Ẹni tó mọ bí ojú òǹwòran ṣe ń tẹ̀ lé àwòrán gbé ìmọ̀ náà lọ sínú èdè kọ̀ǹpútà JavaScript. SQL ńkọ́, tí IBM ṣe láàárín ọdún 1970 sí 1979? Òun ni wọ́n ṣì fi ń bi àkójọ ìsọfúnni léèrè ọ̀rọ̀ títí di òní. Ní báyìí tí irú ẹ̀rọ bíi ChatGPT ń kọ kóòdù ní ìṣẹ́jú kan, iṣẹ́ ẹni tó lè rí àṣìṣe inú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Nàìjíríà rí ọ̀wọ́n tirẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí owó náírà tuntun wọ́n tí gbogbo èèyàn sáré lọ sórí tiransifáà. Owó ń kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń rajà, kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tajà, ìjà sì ń ṣẹlẹ̀ lọ́jà. Ọ̀dọ́ tó ń wáṣẹ́ ní Ìbàdàn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ lè mú irú ìṣòro yìí, kó kọ ètò kékeré tó ń fi àkọsílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kan wé ti báńkì, kó sì jẹ́ kí oníṣọ́ọ̀bù lò ó fún oṣù bíi mélòó kan. Bó bá dé iwájú agbanisíṣẹ́, kó sọ iye owó tó bá oníṣọ́ọ̀bù náà wá rí.