Ṣé Dandan Ni Kí Ẹ̀rọ Ronú Bí Ọpọlọ Ènìyàn?

Ẹ fetí sí ọmọ ọdún mẹ́ta tí ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Aké. Kò tíì mọ̀wé kà, síbẹ̀ kì í pe igbá ní ìgbà. Ìyá rẹ̀ ni ó kọ́ ọ, àti ìyá àgbà, àti àwọn ọmọ àdúgbò. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó ti gbọ́ láti ìgbà tí a ti bí i kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kó fún ẹ̀rọ olóye, èyí tí wọ́n ń pè ní AI, kí ó tó lè dáhùn ìbéèrè.

Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ fi ń jiyàn: ṣé kí wọ́n ṣe ẹ̀rọ yìí bí ọpọlọ ènìyàn ni, àbí kí ó máa gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ?

Àríyànjiyàn náà ti pẹ́. Ní 1943, McCulloch àti Pitts ní Amẹ́ríkà fi ìṣirò ṣàlàyé bí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ṣe ń ránṣẹ́ sí ara wọn, láti inú èrò yẹn sì ni irú ẹ̀rọ tòní ti ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọra náà kò jìnnà. Sẹ́ẹ̀lì bí i bílíọ̀nù 86 ni ó wà nínú orí ẹnìkọ̀ọ̀kan wa, agbára tí gbogbo wọn sì ń lò kò ju nǹkan bí 20 wáàtì lọ, kò tó ti gílóòbù àtijọ́ kan. Àwọn tí kò fara mọ́ àfarawé a máa sọ pé ọkọ̀ òfúrufú kì í ju apá bí ẹyẹ, síbẹ̀ ó ń fò. Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Lójú tiwa, kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni da sẹ́ẹ̀lì kọ. Fífi díẹ̀ mọ púpọ̀, bí ọmọ ti ń ṣe, ni a fẹ́ kí wọ́n wá lọ, nítorí ọ̀rọ̀ kíkọ Yorùbá kò pọ̀ bí ti Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀ ni, Abẹ́òkúta níbí ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní 1859, odidi Bíbélì Yorùbá sì jáde ní 1884. Títí di òní, Bíbélì wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ fi ń kọ́ ẹ̀rọ ní Yorùbá. A dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó bá ka Bíbélì nìkan yóò mọ Ábúráhámù dáadáa, kò sì ní mọ bí a ti ń ná àdìrẹ ní Ìtòkú. Èyí tí ó pọ̀ nínú ìyókù, wọn kò fi àmì ohùn sí i, tí ọpọlọ fi ń jọ ọ̀pọ̀lọ́!

Ẹ rántí Àrò pẹ̀lú. Ní 1954, Dókítà Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ṣètò pé kí àwọn aláìsàn ọpọlọ máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn nínú àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká, kí wọ́n sì máa wá gba ìtọ́jú lójúmọmọ. Ó mọ̀ pé àárín ènìyàn ni ọpọlọ ti ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fara wé e, kí ó wo ilé tí ó wà pẹ̀lú.

Àwọn kan ti ń wò ó. Ní 2024, àwọn onímọ̀ Yunifásítì New York gbé ìròyìn iṣẹ́ kan jáde: wọ́n ti de kámẹ́rà mọ́ orí ọmọ kan láti oṣù mẹ́fà títí di oṣù 25, wọ́n sì fi wákàtí 61 nínú ohun tí ó rí àti ohun tí ó gbọ́ kọ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà mọ orúkọ àwọn nǹkan díẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ yẹn ń gbọ́. Wákàtí 61 kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan tí ọmọ fi ń lajú sílẹ̀. Ọmọ Aké kan lè gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀, bí àwọn ará ilé rẹ̀ bá ń fi í bá a sọ̀rọ̀.