Ọ̀gá Tó Ń Dá Iṣẹ́ Padà: Ipò Oníṣọ̀nà Àgbà Nídìí Àkọ̀ àti Òǹtẹ̀ Awọ

Àkọ̀ ọ̀bẹ lè dára lójú kó sì jẹ́ ewu lọ́wọ́. Ọnà ara rẹ̀ lè máa dán, kí àwọ̀ pupa rẹ̀ máa wọni lójú, ṣùgbọ́n tí ọdẹ tàbí alápatà bá ti ń ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́ tó ń fà á yọ fún oṣù mélòó kan, ẹnu ọ̀bẹ á ti máa gé òwú tí wọ́n fi rán etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tí òwú náà bá já tán, itan ẹni tó gbé e kọ́ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Oníbàárà kò lè rí àléébù yìí nígbà tó ń sanwó, nítorí inú ló wà. Ẹni tó ti rán àkọ̀ títí tí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ ibi tí awọ ti ń tanni jẹ nìkan ló lè tọ́ka sí i. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìlú tó mọ iyì iṣẹ́ awọ fi máa ń fi ìdílé kan, ẹgbẹ́ kan tàbí olóyè kan sídìí rẹ̀, tí iṣẹ́ ẹlòmíràn á ti kọjá lójú rẹ̀ kó tó dé ọjà.

Ní Ọ̀yọ́, àwọn Ìṣọ̀nà, àwọn oníṣẹ́ awọ àti ọnà, ló wà nídìí iṣẹ́ yìí. Samuel Johnson, àlùfáà Ìjọ Áńgílíkà tó ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́, parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Nínú ìwé náà, ó ka Ìṣọ̀nà mọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún Aláàfin: àwọn ni wọ́n ń bá ọba ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àti iṣẹ́ ọnà. Wọn kì í ṣe ẹni tó kàn ń tajà lójú títì. Ààfin ni oníbàárà wọn àkọ́kọ́, ààfin kì í sì í gba iṣẹ́ tí kò kún ojú òṣùwọ̀n. Ẹ rántí pé ẹṣin wà nínú ohun tó gbé Ọ̀yọ́ Ilé ga. Ẹṣin kan nílò gàárì àti ìjánu, ẹni tó gùn ún nílò àkọ̀ idà, gbogbo rẹ̀ sì ń béèrè awọ tí wọ́n gé dáadáa tí wọ́n sì rán dáadáa. Gàárì tó bá já lójú ogun, ọmọ ènìyàn ló máa bá a lọ. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí Aláàfin Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́ Ọ̀jà ní àwọn ọdún 1830, iṣẹ́ awọ kò kú sọ́nà. Títí di òní, ẹni tó bá ń wá ìrọ̀rí awọ, abẹ̀bẹ̀ awọ tí wọ́n kọ orúkọ sí, bàtà tàbí àpò ọlọ́nà, Ọ̀yọ́ ni wọ́n á ní kó gbà lọ.

Iṣẹ́ wọn tó gba ọgbọ́n jù lójú tèmi ni làbà, àpò awọ tí àwọn ẹlẹ́gùn Ṣàngó máa ń gbé, tí ẹdùn àrá máa ń wà nínú rẹ̀. Joan Wescott àti Peter Morton-Williams kọ àpilẹ̀kọ kan lórí rẹ̀ ní 1962. Ojú làbà pín sí mẹ́rin, ọnà kan náà ló sì wà nínú ojú kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ọwọ́ rí á mọ bí èyí ti le tó. Ọnà ẹyọ kan tó wọ́ díẹ̀ lè fara pa mọ́, ṣùgbọ́n tí mẹ́rin bá dúró pọ̀, èyí tó wọ́ á pariwo ara rẹ̀ láàrin àwọn tó kù. Òǹtẹ̀, irin ọnà tí a ń lù mọ́ awọ, kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe ọnà ti làbà. Gígé ni wọ́n ń gé awọ aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí wọ́n á sì rán an mọ́ra. Síbẹ̀, ojú tó ń yẹ ọ̀kan wò ló ń yẹ èkejì wò.

Kí ni ojú ọ̀gá náà ń wá? Awọ fúnra rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ dì mú, kó tó wo ọnà rárá. Láyé àtijọ́, èso tàbí èèpo igi ni wọ́n fi ń ṣe awọ. Lókè Ọya, èso bàgàrúwá ni, wọ́n á sì fi omi pòròpórò ọkà bàbà pa á láró pupa. Awọ tí wọ́n fi irú èyí ṣe máa ń le gírígírí, tí a bá sì tẹ nǹkan mọ́ ọn nígbà tó rin, ojú ibẹ̀ kò ní padà mọ́. Ní 1884, Augustus Schultz gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà lórí ọ̀nà tí a fi ń lo kírómù láti ṣe awọ, ọ̀nà yìí sì yá ju ti èèpo igi lọ fíìfíì. Awọ oníkírómù dára fún ojú bàtà àti àpò, ó rọ̀, omi kì í tètè bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n tí a bá fi òǹtẹ̀ lù ú, ojú rẹ̀ á padà sókè, ọnà á pòórá. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ tó ń dá òǹtẹ̀ lẹ́bi, tó ń fi òòlù bínú, awọ tí kò gba òǹtẹ̀ ló gbé sórí tábìlì.

Lẹ́yìn awọ, omi ló kàn. Ibí yìí ni mo rò pé ìyàtọ̀ tó pọ̀ jù láàrin ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ wà, bẹ́ẹ̀ kò sì ná ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ lówó kankan. A máa ń fi kàn-ìn-kàn-ìn tó rin pa ojú awọ títí omi á fi wọ inú rẹ̀ dọ́gba-dọ́gba. Lẹ́yìn náà, a ó dúró. Awọ tó rin jù máa ń rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀ lábẹ́ òǹtẹ̀, tó bá sì gbẹ, ojú ọnà á ti wú padà. Èyí tó gbẹ jù kì í gba òǹtẹ̀, ọnà orí rẹ̀ á kàn ṣe fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Ìgbà tó yẹ ni ìgbà tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti ń padà sí bó ṣe wà kó tó rin, síbẹ̀ tí a bá fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, tó ṣì tutù. Ìgbà yẹn gan-an ni òǹtẹ̀ máa ń fi àwọ̀ dúdú díẹ̀ sílẹ̀ sí ojú ibi tó bá tẹ̀, tí ọnà á hàn ketekete láìjẹ́ pé a fi aró kún un.

Ohun tó wà lábẹ́ awọ náà ṣe pàtàkì. Tábìlì onígi tó ń gbọ̀n máa ń gba agbára òòlù mọ́ awọ lọ́wọ́, nítorí náà òkúta pẹlẹbẹ tó wúwo ló yẹ kó wà níbẹ̀. Òòlù igi tàbí ti awọ líle la fi ń lu òǹtẹ̀. Òòlù irin máa ń ta padà, ó sì máa ń fọ́ orí òǹtẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àtàǹpàkò àti ìka méjì ni yóò di òǹtẹ̀ mú, ìka tó kù á sinmi lórí awọ kí ọwọ́ má baà mì. Òǹtẹ̀ á dúró ṣánṣán, a ó sì lù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lú agbára kan náà tí a fi lu ti ìṣáájú. Ẹni tó bá lù ú lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ti àkọ́kọ́ kò tó, àfi kó ní orí ire kí òjìji kejì má baà yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọnà rẹ̀. Kí òǹtẹ̀ tó kan awọ, a gbọ́dọ̀ ti fi kọ́ńpáàsì fa ìlà tínrín tí yóò máa tọ̀. Orí àjákù awọ ni ọmọ iṣẹ́ ti ń kọ́ gbogbo èyí, ní ìlà lẹ́yìn ìlà, ọnà kan náà, títí ọ̀gá kò fi ní lè sọ èyí tó kọ́kọ́ lù àti èyí tó lù kẹ́yìn.

Bí iná bá ti ẹ̀gbẹ́ wá, kì í ṣe láti òkè, jíjìn ọnà kọ̀ọ̀kan á hàn. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ kì í yẹ iṣẹ́ òǹtẹ̀ wò nínú oòrùn ọ̀sán gangan.

Tó bá wá di àkọ̀ gan-an, awọ tó nípọn tó mílímítà 3 sí 4 ló dára fún ọ̀bẹ tí a ń lò lójoojúmọ́. Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ ni etí, níbi tí ẹnu ọ̀bẹ dojú kọ. Láàrin awọ méjèèjì, níbẹ̀ gan-an, a gbọ́dọ̀ fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan há a, kó lè jẹ́ pé òun ni ẹnu ọ̀bẹ máa kàn, tí kò ní dé ibi òwú rárá. Ẹni tó bá fo awọ tẹ́ẹ́rẹ́ yìí kó lè dín owó kù ti ta ewu fún oníbàárà.

Òlu la fi ń lu ihò, mílímítà 3 tàbí 4 láàrin ọ̀kan sí èkejì, ó sì gbọ́dọ̀ wọlé tààrà. Ẹ yí àkọ̀ èyíkéyìí sẹ́yìn kí ẹ wo ìlà rírán rẹ̀. Iwájú máa ń tọ́ nítorí pé ojú ń wò ó, ẹ̀yìn ló ń sọ bí ọwọ́ ṣe di òlu mú. Òwú tí a fi ìda oyin pa ni a ó fi rán an, abẹ́rẹ́ méjì ni yóò sì wà lórí òwú kan, tí ọ̀kan á máa ti iwájú wọ ihò, tí èkejì á máa ti ẹ̀yìn wọ ihò kan náà. Tí ojú kan bá já nínú irú rírán yìí, ojú tó kù á dúró. Ti ẹ̀rọ ìránṣọ kò rí bẹ́ẹ̀, ó lè máa tú lọ. Òǹtẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ ti parí kí a tó rán, tí a bá sì ti rán an tán, a ó tún rẹ awọ, a ó fi náílọ̀nù wé ọ̀bẹ, a ó ti í bọ inú rẹ̀, a ó wá fi ọwọ́ àti egungun dídán tẹ̀ ẹ́ kó gba ìrísí ọ̀bẹ náà. Abẹ́ òjìji ló ti máa gbẹ. Ẹni tó bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, awọ á súnkì, á sì le gbagidi débi tí yóò fi sán.

Nígbà tó bá gbẹ, ọ̀gá á ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, á dojú rẹ̀ dé, á sì gbọ̀n ọ́n. Tí ọ̀bẹ bá jábọ́, iṣẹ́ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ṣe é. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀, kò sì sí ọmọ iṣẹ́ tó lè ṣe ìdájọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹlòmíràn ṣe lè ṣe é.

Kì í ṣe Ọ̀yọ́ nìkan ló mọ èyí. Láàrin àwọn Hausa, Sarkin Dukawa ni oyè olórí àwọn oníṣẹ́ awọ. Heinrich Barth, arìnrìn-àjò ará Jámánì, dé Kano ní 1851, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé bàtà tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ń lọ sí ọ̀nà jíjìn, àti pé awọ pupa wọn ń dé Tripoli. Ní Lọ́ńdọ̀nù àtijọ́, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó rọ irin ọ̀bẹ, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó fi èkù sí i, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó rán àkọ̀ rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́bẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Ọba Henry Karùn-ún ní 1416, iṣẹ́ àkọ̀ sì wà lára ohun tó parapọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Àwọn àkọ̀ ìgbà náà tí wọ́n wú jáde létí odò Thames wà nínú ìwé Knives and Scabbards tó jáde ní 1987. A rí èyí tí wọ́n fi irin fín níbẹ̀, a rí èyí tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù. Àwọn alágbẹ̀dẹ ọ̀bẹ Lọ́ńdọ̀nù ní láti fi àmì tiwọn sí ojú irin tí wọ́n bá rọ, kí wọ́n lè mọ ilé tí iṣẹ́ burúkú ti jáde.

Àmì yìí ni awọ tiwa kò ní. Awọ ewúrẹ́ láti Kano àti Sokoto la aṣálẹ̀ kọjá fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó sì jẹ́ pé orúkọ Mòrókò ni wọ́n fi ń tà á ní Yúróòpù. Oníṣẹ́ rẹ̀ kò jẹ oyin rẹ̀.

Lónìí, ibi tí a ń pè ní ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ni agbára láti yẹ iṣẹ́ wò yẹ kó wà. Ẹgbẹ́ ń ṣèpàdé, wọ́n ń dá owó, wọ́n sì ń jókòó síbi fìrídọ̀ọ̀mù, níbi tí ọ̀gá ti ń gbàdúrà fún ọmọ iṣẹ́, tí ìdílé ti ń jó. Mo fẹ́ràn ayẹyẹ náà, ó ń fi ọ̀wọ̀ fún iṣẹ́. Ohun tó dùn mí ni pé ní ọ̀pọ̀ ibi, ọdún tí ọmọ lò nìkan ni wọ́n ń kà, wọn kì í gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ síwájú ẹnikẹ́ni kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ìjọba àpapọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ awọ kan ní Samaru, Zaria, NILEST, tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti wà láti 1964, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́jà awọ Mushin kò ní rìn dé Zaria. Ọ̀gá tó jókòó tì í nìkan ni ilé ẹ̀kọ́ tó ní.

Nítorí náà, ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbé àkọ̀ kan tó dá rán wá síwájú àgbà mẹ́ta tí kì í ṣe ọ̀gá rẹ̀, kó tó gba fìrídọ̀ọ̀mù. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ẹ wo etí rẹ̀ bóyá awọ tẹ́ẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, ẹ dojú rẹ̀ dé kí ẹ gbọ̀n ọ́n. Tó bá yege, ẹ fún un ní òǹtẹ̀ orúkọ tirẹ̀, kó máa fi lu gbogbo iṣẹ́ tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Ẹ̀yin oníbàárà náà, tí ẹ bá fẹ́ ra àkọ̀, ẹ wá orúkọ yẹn lára rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.