Irun Wẹ́wẹ́ Inú Etí

Kò sí agbo ilé kan ní Mówé, Ìbàfò tàbí Ifọ̀ tí kò mọ àgbàlagbà tí í máa wí pé, “Mo gbọ́ ohùn yín, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí ẹ wí.” Àwọn ọ̀dọ́ a rò pé kò fetí sílẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́, inú etí lọ́hùn-ún ni ọ̀ràn náà wà.

Irun tí a ń rí lẹ́nu ihò etí kò gbọ́ nǹkan kan. Eruku àti kòkòrò ni ó ń dènà. Bí ìró bá wọlé, a lu awọ fẹ́lẹ́ tí a ń pè ní ìlù etí; awọ náà a mi egungun kéékèèké mẹ́ta, àwọn wọ̀nyí a sì mi omi tí ó wà nínú ihò kan tí ó lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Níbẹ̀ ni irun tòótọ́ wà, lórí nǹkan bí 15,000 sẹ́ẹ̀lì nínú etí kọ̀ọ̀kan. Bí omi bá ti mì, irun a tẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìrẹsì ti í tẹ̀ sí afẹ́fẹ́ ní oko Ọ̀fadà. Ìtẹ̀sí yìí ni iṣan ń ròyìn fún ọpọlọ.

Georg von Békésy, ọmọ ilẹ̀ Hungary, ẹni tí a fún ní ẹ̀bùn Nobel ní 1961, fi hàn pé ìró kọ̀ọ̀kan ní ibi tirẹ̀: ìró tín-ín-rín, bí igbe ìrẹ̀, ní ẹnu ọ̀nà ìkarahun náà; ìró wíwúwo, bí ti bẹ̀ǹbẹ́, ní ìkangun rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Nínú èdè Yorùbá, ìró wíwúwo ni ó ń gbé ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n s, ṣ àti f jẹ́ ìró tín-ín-rín. Nítorí náà ni sá, ṣá àti fá fi ń di ọ̀kan náà létí àgbà, bí ó tilẹ̀ ń gbọ́ ohùn wọn. Kíké mọ́ ọn kì í ṣe ìrànlọ́wọ́. Kí a kọjú sí i, kí a sì sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ọjọ́ orí nìkan kọ́ ni ó ń pa irun wọ̀nyí. Ẹ̀rọ tí a fi ń rin gbágùúdá, ayùn ẹlẹ́rọ, jẹnẹrétọ̀ àti gbohùngbohùn ńlá lè pa wọ́n. Níbikíbi tí ẹni méjì tí ó sún mọ́ ara wọn bá ti ní láti pariwo kí wọ́n tó gbọ́ra, ariwo ibẹ̀ ti pọ̀ jù. Òwú lásán kò tó láti dá a dúró. Ìbòrí etí tí a ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ ni ó yẹ. Abẹ́rẹ́ gentamicin pẹ̀lú, tí ó wúlò lọ́wọ́ dókítà, lè pa irun etí bí ẹni tí kò mọ ìwọ̀n rẹ̀ bá ń gún un.

Irun etí adìẹ a máa hù padà bí ó bá kú. Ti ènìyàn kì í hù mọ́.